Mo gba 6.5 níbi ọ̀rọ̀ sísọ, bẹ́ẹ̀ 7 ni wọ́n ń béèrè

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Iléṣà níbí, ó sì ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù méjì sẹ́yìn ni mo ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS, nítorí pé mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NMC, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Ọba. Mo gba 7.5 níbi gbígbọ́, 7 níbi kíkà àti 6.5 níbi kíkọ, èyí tó tó wọn, ṣùgbọ́n 6.5 náà ni wọ́n fún mi níbi ọ̀rọ̀ sísọ, bẹ́ẹ̀ 7 ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀. Ó ká mi lára púpọ̀, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kàwé láti kékeré. Tíṣà tó kọ́ wa ní kí á há ìdáhùn ogójì káàdì ìbéèrè sórí, mo sì há wọn. Ó tún ní kí n yí ohùn mi padà kí ó dà bíi ti òyìnbó. Nígbà tí mo débẹ̀, káàdì tí wọ́n fún mi kò sí nínú èyí tí mo há, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu mi kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ẹni tó ń bi mí léèrè kò rẹ́rìn-ín rárá, ó sì gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ní kí n lọ kọ́ ọ ní Èkó, àwọn mìíràn ní kí n má sọ Yorùbá mọ́ nínú ilé pẹ̀lú ọkọ mi àti àwọn ọmọ. Èwo ni kí n ṣe, sà?"

Mo kí yín kú ìrìn àjò, nọ́ọ̀sì wa, mo sì kí yín kú ìnáwó, nítorí pé ẹni tí kò bá tíì san owó ìdánwò yìí rí kò lè mọ bí 0.5 péré ṣe ń dunni tó. Bí mo ṣe ka ìwé yín, ó hàn sí mi pé ẹ ti ń rò ó pé bóyá Gẹ̀ẹ́sì yín kò tó, tàbí pé ahọ́n Ìjẹ̀ṣà yín ni ó ba nǹkan jẹ́, tàbí pé ẹni tó dán yín wò kàn kórìíra yín ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó ti àwọn tó ń múra ìdánwò yìí sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti kọ́kọ́ kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì lè sọ fún yín láìṣiyèméjì pé ẹni tó gba 7 níbi kíkà àti 7.5 níbi gbígbọ́ kò ní àìtó Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣòro yín ń bẹ níbòmíràn, n ó sì dé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣá àwọn igbó tó bo ojú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín yẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìṣẹ́jú 11 sí 14 ni apá ọ̀rọ̀ sísọ ń gbà, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sì pín in sí. Ìṣẹ́jú 4 sí 5 àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń bi yín nípa ilé yín, iṣẹ́ yín àti àwọn nǹkan ojoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni káàdì máa ń jáde, pẹ̀lú bébà àti pẹ́ńsù, tí ẹ ó ní ìṣẹ́jú 1 láti ronú, kí ẹ tó dá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 1 sí 2. Ìṣẹ́jú 4 sí 5 tó kẹ́yìn ni wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ orí káàdì náà gùn, tí wọ́n á máa bèèrè ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀ láwùjọ, tàbí bí ó ṣe lè rí lọ́jọ́ iwájú. Gbogbo èyí ni wọ́n ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó jókòó níwájú yín sì ń ṣọ́ aago lójú méjèèjì. Bí àkókò ọ̀nà kan bá ti tó, ó di dandan kí ó dá yín dúró kí ó sì bọ́ sí òmíràn, ìbáà ṣe àárín gbólóhùn ni ẹ wà. A kò gbà á láyè láti sọ fún yín pé ẹ ṣe dáadáa tàbí pé ẹ kò ṣe dáadáa, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń lejú bí ẹni tó ń ka owó ẹlòmíràn. Ẹ má fi ojú yẹn ṣe òṣùwọ̀n. Gbígbà tó gba ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, àmì pé ẹ ṣì ní ọ̀rọ̀ láti sọ ni, bí ẹ bá sì ní kí ó tún ìbéèrè sọ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò máàkì náà kò fara sin. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n sì tẹ̀wọ̀n bákan náà: bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣàn tí ó sì so mọ́ra wọn, bí ọ̀rọ̀ tí ẹ mọ̀ ṣe pọ̀ tó tí ẹ sì ń lò ó síbi tó yẹ ẹ́, gírámà, àti bí ẹ ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀ láti 0 dé 9, wọn yóò ro ó pọ̀, wọn yóò sì pín in sí mẹ́rin. Ẹni tó gba 7 nínú méjì tó sì gba 6 nínú méjì yòókù ní 26 lápapọ̀, ìyẹn ni ó ń di 6.5, kí ó tó di 7 gan-an, 28 ni ó gbọ́dọ̀ ní. Ẹ rí i pé kò pọn dandan kí gbogbo ẹnu yín wà fún àtúnṣe, bóyá ibi méjì péré ni omi ti ń jò. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ìwé èsì kì í fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi tí n kò sì tíì gbọ́ ohùn yín kò lè búra pé ibí ni tàbí ọ̀hún ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ọ̀kan fún mi láìmọ̀, nígbà tí ẹ ní ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu yín kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ibi ìṣàn ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹni tó wà ní 6 níbẹ̀ ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ gígùn, ṣùgbọ́n ó ń kọsẹ̀, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, okùn ọ̀rọ̀ sì ń já mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wà ní 7 a máa sọ ọ́ gùn láìjẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ mọ̀ pé ó ń làágùn.

Ní ti ogójì káàdì tí tíṣà yín ní kí ẹ há sórí, n kò ní bá a wí jù, nítorí pé èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo kọ ìdáhùn kan fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan nípa bàbá rẹ̀ àgbà, ọ̀rọ̀ tó dùn, tó kún fún Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá, ọmọ náà sì há a títí tí ó fi lè kà á lójú oorun. Ọjọ́ ìdánwò pé, káàdì ní kí ó ṣàpèjúwe odò kan tí ó ti dé rí. Ọmọ yìí mí kanlẹ̀, ó ní odò tí òun fẹ́ràn jù lọ ni odò tí bàbá òun àgbà máa ń lọ wẹ̀, ó ti ibẹ̀ gorí bàbá àgbà, kò sì padà sí odò mọ́ títí aago fi lù. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni ó fi ń ròyìn rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n nígbà tí èsì dé tí ó jẹ́ 5.5, àwa méjèèjì kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì dá owó rẹ̀ padà. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé etí olùdánniwò kì í pẹ́ mọ ọ̀rọ̀ àhásórí. Ohùn ẹni tó ń há nǹkan máa ń lọ geere bí ẹni tó ń ka ìwé ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà, bí ìbéèrè bá yà bàrá díẹ̀ báyìí, ohùn á wálẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì á fọ́, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yóò sì hàn gbangba. Èyí tó burú jù ni pé ìrántí gan-an ń gba ọpọlọ lọ́wọ́ ìrònú: nígbà tí káàdì yín kò bá èyí tí ẹ há mu, ẹ kọ́kọ́ wá a láàárín ogójì, ẹ kò rí i, ìṣẹ́jú ìrònú sì ti lọ.

Ọ̀rọ̀ ohùn ni mo fẹ́ fara balẹ̀ lé lórí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan àwọn ènìyàn wa jẹ jù. Kò sí ibì kankan nínú òṣùwọ̀n ìdánwò yìí tí wọ́n ti ní kí ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ yín yé ẹni tó ń gbọ́ ọ láìṣe pé ó ń fún etí mọ́ra. Bí ará Iléṣà bá ní òun ń lọ sí "ulé", ọmọ Yorùbá wo ni kò ní mọ̀ pé ilé ni ó ń lọ? Ohùn yàtọ̀, ọ̀rọ̀ yé, ó tán. Gẹ̀ẹ́sì tí à ń gba imú sọ kì í tilẹ̀ pẹ́ lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹfà, tí ìbéèrè bá ti le díẹ̀, ohùn àyálò á ṣubú, ti ìlú ẹni á padà wá, ẹni tó ń gbọ́ kò sì ní mọ èyí tí yóò mú. Ẹ fi ohùn yín sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ṣùgbọ́n pípe ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ohùn yíyí, ó sì ní ibi tí èdè wa ti ń fa ti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́sẹ̀. Èdè wa kì í gbà kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara ti ara wọn, kì í sì í gbà kí kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí "bread" fi di búrẹ́dì, tí "belt" sì di bẹ́líìtì. A kò ní ìró tó wà nínú "church", a sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì. A kò ní "v", a sọ "driver" di dírẹ́bà. Ẹni tó kàwé bíi tiyín kì í fi fáwẹ̀lì kún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èdè náà ń rí ọ̀nà mìíràn gbà: dípò kí ó fi fáwẹ̀lì kún un, a gé kọ́ńsónáǹtì ìparí jù sílẹ̀. "Discharged" a di "discharge", "patients" a di "patient". Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé máàkì pípe ọ̀rọ̀ nìkan ni èyí ń gé. Ẹ ronú sí i: inú "d" àti "s" ìparí yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì kó àsìkò àti iye pamọ́ sí. Bí wọn kò bá dún, olùdánniwò kò lè mọ̀ pé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá tàbí pé ènìyàn ju ẹyọ kan lọ, yóò kàn kà á sí àṣìṣe gírámà ni. Mo ti rí ẹni tí gírámà rẹ̀ yè kooro nínú ìwé kíkọ, tí kò sì yè lẹ́nu, kò sì sí ohun méjì tó fà á ju ìparí ọ̀rọ̀ tí kò dún lọ.

Ìkejì rẹ̀ ni ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Nínú Yorùbá, dò, re, mí ni a fi ń mọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn, gbogbo sílébù sì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, a kì í sáré kọjá lórí ọ̀kankan. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ìdọ́gba bẹ́ẹ̀: yóò tẹ sílébù kan mọ́lẹ̀, yóò sì gbé àwọn tó kù mì. Bí ẹ bá pe "photograph", iwájú ni a ti tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá pe "photographer", ibi ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ti sún lọ sí sílébù kejì. Bí a bá pe gbogbo rẹ̀ ní ọgbọọgba bí ìlù tó ń dún lójú kan, òyìnbó yóò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n yóò rẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ ogún ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń lò ní wọ́ọ̀dù lójoojúmọ́ sílẹ̀, irú bíi "temperature", "emergency" àti "relatives", kí ẹ wò ó nínú ìwé atúmọ̀ èdè ibi tí àmì kékeré ìtẹ̀mọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀ títí yóò fi mọ́ yín lẹ́nu. Ogún tó, ẹ má lọ kó igba jọ.

Wàyí o, ohun tí mo rò pé ó ń ṣe yín gan-an. A kọ́ wa nílé pé bí àgbàlagbà tàbí ẹni tí a kò mọ̀ bá bi wá ní ìbéèrè, kí a dáhùn lórí ohun tó bèèrè, kí a sì pa ẹnu dé. Ọmọ tí a bi ní ẹyọ kan tó dáhùn mẹ́wàá, aláròyé ni à ń pè é. Ẹ wá gbé ẹ̀kọ́ yìí wọ yàrá ìdánwò, ẹ jókòó níwájú ẹni tó lejú, ẹ ṣe bí ọmọ tí a kọ́ dáadáa, ẹ sì dáhùn ṣókí. Ẹ tún fi iṣẹ́ yín kún un. Àwọn aláìsàn yín, Yorùbá ni wọ́n ń bá yín sọ, àwọn àgbà inú wọn sì ń sọ ìjìnlẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń sọ lẹ́nu iṣẹ́ ni ti ìgbà tí ẹ bá ń gbé iṣẹ́ fún ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín: ara aláìsàn balẹ̀, omi ṣì ń wọ̀ ọ́ lára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ríru tó báyìí, ó ti lo oògùn aago mẹ́wàá. Gbólóhùn kéékèèké ni, tó péye, tó sì dára fún iṣẹ́ náà. Ó ṣeé ṣe kí ọdún mẹ́jọ kọjá láìjẹ́ pé ẹ ti sọ Gẹ̀ẹ́sì ìṣẹ́jú méjì gbáko láìdúró, ìyẹn ni ẹ sì lọ ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́ níwájú olùdánniwò.

Obìnrin kan láti Ìbòkun jókòó sí pálọ̀ mi bí ẹ ṣe lè jókòó yìí, mo bi í ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá ó fẹ́ràn oúnjẹ sísè. Ó ní, "Yes, I like cooking very much." Ó wò mí, mo wò ó. Mo wá yí i sí Yorùbá, mo ní, ìyá, ta ni ó kọ́ yín ní iyán gígún? Áà! Ó sọ bí ìyá ọkọ òun ṣe dúró ti òun lọ́dún tí òun wọlé, bí odó ṣe ń yí mọ́ òun lẹ́sẹ̀, bí ó ṣe jẹ́ pé kókó ni gbogbo iyán náà tí ọkọ òun sì jẹ ẹ́ láìsọ nǹkan kan, àti bí òun ṣe ń lo ẹ̀rọ nísinsìnyí tí ìyá ọkọ òun sì kọ̀ láti fẹnu kàn án. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ó tó sinmi. Mo ní ìyẹn ni ìdáhùn ìbéèrè mi. Ó ní, ṣé wọ́n fẹ́ gbọ́ gbogbo ìyẹn ni? Wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ, nítorí pé ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ kò fún wọn ní ohun tí wọn yóò wọ̀n. Ní ọ̀nà àkọ́kọ́, ẹ dáhùn, ẹ sọ ìdí, kí ẹ sì fi ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí i. Gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó, ẹ má sọ ọ́ di ìtàn ìjàpá.

Fún káàdì, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó sún mọ́ yín ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní káàdì ní kí ẹ ṣàpèjúwe ẹnì kan nínú ẹbí tí ẹ bọ̀wọ̀ fún. Agbo-ilé wo ní Iléṣà ni kò ní bàbá kan tó ṣe òṣómàáló rí? Láàárín ìṣẹ́jú ìrònú, ẹ má kọ gbólóhùn, kò ní tó yín kọ; ẹ kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún péré: aṣọ, ìlú tó tà á lọ, gbèsè, ọjọ́ kan, òní. Ẹ ó sọ pé ó ń ta aṣọ láwìn ní ìlú òkèèrè. Ẹ ó ṣàlàyé orúkọ òṣómàáló fún òyìnbó tí kò gbọ́ ọ rí, pé ẹni náà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á sì ní òun kò ní dìde títí òun yóò fi gba owó òun. Ẹ ó mú ọjọ́ kan jáde, ọjọ́ tí onígbèsè kan gba ẹ̀yìnkùlé sá, tí bàbá sì jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ dè é. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó bọ́ sí òní, ohun tí ẹ rí kọ́ lára rẹ̀, àti bí nǹkan ìbá ti rí ká ní kò lọ. Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀: ìtàn ti mú kí ẹ lo àsìkò tó kọjá, òní ti mú èyí tó ń lọ lọ́wọ́ wá, "ká ní" sì ti mú gbólóhùn tó lọ́rìn wá, láìjẹ́ pé ẹ jókòó ronú nípa gírámà. Ṣíṣe àlàyé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní orúkọ fún, nǹkan tí wọ́n ń gbé máàkì lé ni, nítorí náà ẹ má sá fún ọ̀rọ̀ ilé wa, ẹ gbé e jáde kí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀. Bàbá yìí kan náà sì lè dáhùn káàdì nípa òwò, nípa ìrìn àjò, nípa ẹni tó kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́. Ó yàtọ̀ sí ti bàbá àgbà tó jábọ́ sínú odò, nítorí pé ìtàn ni ẹ mọ̀ níbí, ẹ kò há gbólóhùn kankan.

Bí ẹ ó ṣe máa ṣe é nílé nìyí. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ tan ohun tó ń gba ohùn, kí ẹ sọ̀rọ̀ lórí káàdì kan fún ìṣẹ́jú méjì láìbẹ̀rẹ̀ látòkè, bí ẹ tilẹ̀ ṣì í sọ. Ti àkọ́kọ́ kò ní ju àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ẹ má jẹ́ kí ó já yín láyà. Ní ọjọ́ kejì, ẹ tẹ́tí sí i, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ sọ sílẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú gbogbo ẹẹ́n àti ọ̀ọ́n inú rẹ̀. Ojú yóò tì yín, ojú ń ti gbogbo ènìyàn. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí àwọn àṣìṣe tí Yorùbá tì jáde lẹ́nu yín: pé ẹ pe ìyá yín ní "he" nígbà kan, nítorí pé "ó" kan ṣoṣo ni a ní fún ọkùnrin àti obìnrin, pé ẹ pe ìyá kan náà ní "they" lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ọ̀wọ̀ kò jẹ́ kí ẹ pè é ní ẹyọ, pé ẹ ní ẹ "hear" òórùn ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwa ni a ń gbọ́ òórùn, àwọn kì í gbọ́ ọ. Ẹ mú ẹyọ kan ní ọ̀sẹ̀ kan, òun nìkan ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹni tó bá ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ kò ní lè lanu.

Ní ti Èkó, n kò ní kí ẹ má lọ, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè iye ènìyàn tó wà nínú kíláàsì náà. Bí ènìyàn ọgbọ̀n bá jókòó fún wákàtí méjì, bí wọ́n tilẹ̀ pín in lọ́gbọọgba, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ẹnu yín yóò fi ṣí. Ohun tí ẹ nílò ni ẹni tí yóò tẹ́tí sí yín, tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, kí ọ̀nà àbùjá má baà sí, Iléṣà kò sì ṣàìní wọn: ẹ wo àwọn agùnbánirọ̀ tí wọ́n ń gbé wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, kí ẹ bá ọ̀kan sọ ọ́, ogún ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ yín náà dára fún ìfira-ẹni-dánra-wò, àyàfi pé àṣìṣe yín lè jẹ́ ọ̀kan náà, tí kò sì ní sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ; nítorí náà ẹ wá tíṣà Gẹ̀ẹ́sì kan tí yóò gbọ́ ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Áàpù orí fóònù wúlò fún ìbéèrè tuntun, sùúrù rẹ̀ kì í sì í tán, ṣùgbọ́n kì í lejú mọ́ ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ pé kí ẹ má sọ Yorùbá mọ́ nínú ilé bí mi nínú díẹ̀. Ní ọdún 1970, níbí nílé wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ lọ́wọ́ tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé kò rẹ̀yìn, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọmọdé ni wọ́n, àgbà ni ẹ̀yin, n kò sọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n Yorùbá inú ilé yín kọ́ ni ó gba 0.5 yẹn lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá sì lé e jáde, Gẹ̀ẹ́sì ṣókí-ṣókí tí ẹ ń sọ níbi iṣẹ́ náà ni ẹ ó máa bá àwọn ọmọ sọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ àtúnṣe ìdánwò. Àyè wà láti ní kí wọ́n tún ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí ọjọ́ ìdánwò ni, tiyín sì ti kọjá. N kì bá sì ti gbà yín níyànjú rẹ̀ náà, nígbà tí ẹ mọ̀ fúnra yín pé káàdì já yín sílẹ̀. Èyí tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé NMC ń gbà kí ènìyàn pa èsì ìdánwò méjì pọ̀ bí wọ́n bá wà láàárín oṣù 12 sí ara wọn, bí kò bá ti sí èyí tó lọ sí ìsàlẹ̀ ju 6.5 lọ níbi gbígbọ́, kíkà àti sísọ, tàbí 6 níbi kíkọ. Ẹ yẹ ojú ewé NMC fúnra rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó, nítorí pé wọ́n máa ń yí òfin padà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èsì tó wà lọ́wọ́ yín kò ṣòfò: gbogbo ìdánwò ni ẹ ó tún ṣe, ṣùgbọ́n sísọ nìkan ni ó gbọ́dọ̀ gòkè, oṣù mẹ́wàá sì ṣì wà níwájú yín. Láti ohun tí mo ti rí, oṣù mẹ́ta iṣẹ́ òtítọ́ tó láti mú ẹnu gùn. Gírámà ẹnu lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì ní ṣèlérí 7 fún ẹni tí n kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí Ìbàdàn ni ẹ ó ti ṣe é, ẹ sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó wọ ọkọ̀ ní Iléṣà láàárọ̀ kùtù, tí ó sì ti dákẹ́ láti ibẹ̀ dé Ìbàdàn, olùdánniwò ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ kì í sì í tíì jí.

Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ gba ìṣẹ́jú méjì sílẹ̀ lórí bàbá òṣómàáló yẹn tàbí ẹlòmíràn tó bá wà nínú ẹbí yín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi bó bá ṣe jáde lẹ́ẹ̀kan náà, láìtún un ṣe. Nígbà náà ni n ó lè sọ èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń jò.